Ta Ló Ni Òkúta Inú Gómìnà?

Mo fi eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi búra: bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí wọ́n já bọ́ sínú ọbẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti gbà mí lálejò. Gbogbo ará ìlú Sicuani ló gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó bá sì sọ ọ́ yàtọ̀ sí bí mo ṣe sọ ọ́, kò sí níbẹ̀. Èmi Eleuterio, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ni mo gbé kúì mi sínú fìlà, tí mo sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tí mo lọ bá Dókítà Nélida, dókítà àwọn ẹran, lẹ́yìn ọjà màlúù. Ẹran kékeré tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ní ilé gbogbo wa ni kúì. Ó tó ọmọ òkété, kò nírù, ọjọ́ ọdún la sì ń jẹ ẹ́. Ẹnikẹ́ni ò gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà rí lágbègbè wa. Ẹ ó ti rí i pé ẹni tí a máa fi rẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí kò jìnnà.

Màlúù mẹ́ta àti lámà kan, ẹran ọlọ́rùn gígùn tó ń rù wá lẹ́rù, ló ṣáájú mi lórí ìlà. Nígbà tó kàn mí, mo gbé fìlà lé orí tábìlì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fìlà yín kúrò níbẹ̀. Ibi tí mo ti ń yẹ ẹran wò ni."

"Ẹran wà nínú ẹ̀."

Dókítà yọjú wo inú fìlà. Inú fìlà náà yọjú wò ó.

"Kúì."

"Gómìnà lorúkọ ẹ̀."

"Kí ló ṣe tó fi jẹ́ Gómìnà?"

"Ó ń jẹun, ó ń pariwo, kò sì ṣe nǹkan kan fún àdúgbò rí."

"Bàbá, tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tó pa jẹ ni, ó ti tó. Ó tilẹ̀ ti fẹ́ le jù."

"Dókítà, rọra sọ̀rọ̀. Aláìsàn ni."

"Ó dáa. Kí ló ń ṣe é?"

"Òkúta ló wà nínú àpò ìtọ̀ ẹ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ta ni ì bá tún sọ fún mi? Èmi ni mo ni òkúta."

"Ẹ̀yin lẹ ni kúì."

"Mo ni kúì, mo tún ni òkúta. Òun kàn ń bá mi gbé e ni."

Dókítà mú bírò. Àwọn tó kàwé, bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ dojú rú, bírò ni wọ́n ń dì mú.

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ẹ̀. Ọmọ ọdún mélòó?"

"Mọ́kàndínlọ́gọ́rin."

"Kúì, Bàbá."

"Hẹn. Mẹ́ta."

"Ṣé ó máa ń dùn ún tó bá ń tọ̀?"

"Ó ń ké. Ẹ̀jẹ̀ sì ń bá ìtọ̀ jáde."

"Láti ìgbà wo?"

"Ẹ̀jẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan. Ìrora, ọdún mẹ́rìnlá."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ọmọ ọdún mẹ́ta ni."

"Ọdún mẹ́tàlá àkọ́kọ́, èmi ni mo fi ara mi gbé e."

Ó gbé bírò sílẹ̀. Ọmọ Sicuani ni òun náà. Ìyá rẹ̀ ń ta irun àgùntàn ní ìsàlẹ̀ afárá, mo mọ̀ ọ́n nígbà tí ikun imú rẹ̀ ṣì ń ṣàn tó ń tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà.

"Bàbá, ṣé wọ́n fi kúì yìí nu ara yín ni?"

"Lọ́dún tó kọjá. Mamá Eduviges, ìyá oníṣègùn wa, ló fi nù mí láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀."

"Kí àìsàn ara yín lè bọ́ sínú ẹ̀."

"O mọ̀ ọ́n."

"Ìyá mi àgbà ṣe é fún mi nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n kúì máa ń kú ni kí wọ́n tó fi dé ẹsẹ̀ èèyàn. Wọ́n á wá là á sínú omi, wọ́n á wo ibi tí àìsàn fara pamọ́ sí."

"Tèmi kọ̀, kò kú. Nígbà tí wọ́n gbé e dé orúnkún mi, ó bu Mamá Eduviges jẹ lọ́wọ́, ó jẹ ewé kókà tó tẹ́ sílẹ̀ fún ètùtù, ó sì sá wọ abẹ́ ibùsùn mi."

"Kí ni Mamá Eduviges wí?"

"Ó ní láti ogójì ọdún tóun ti ń ṣiṣẹ́ náà, òun ò rí irú ẹ̀ rí. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà á. Èmi ni kí n máa tọ́jú ẹ̀, torí ẹrù mi ló rù."

"Tó bá wá kú ńkọ́?"

"Ẹrù á padà wá bá mi. Ó mọ ilé."

Mo fi ẹ̀rín sọ ọ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn. Ṣùgbọ́n mo fa fìlà náà sún mọ́ àyà mi.

"Bàbá, ọdún méje ni mo fi kàwé ní ìlú Cusco. Àìsàn kì í ti ara èèyàn fò sára kúì."

"Ta ló wá kó òkúta sínú ẹ̀?"

"Omi tó ń mu. Koríko tó ń jẹ. Kì í ṣe ẹ̀yin."

"Kọ́kọ́ wo inú ẹ̀ ná, ká tó máa jiyàn."

Ó gbé Gómìnà lọ sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò inú ara. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà.

"Òkúta ni."

"Tèmi."

"Òkúta ni mo wí, Bàbá. Mi ò tíì sọ pé ti ta ni. A ní láti là á ká yọ ọ́. Tí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò lè lo ọ̀sẹ̀ kan mọ́."

"Ṣé o ti ṣe irú ẹ̀ rí?"

"Fún ajá, fún àgùntàn, fún màlúù. Kúì tí mo ti là láyé mi pọ̀, ṣùgbọ́n iná ti wà lábẹ́ ìkòkò."

"Mélòó ló jí nínú wọn?"

"Kò sí."

"Ó kéré tán, o kì í purọ́."

"Ó lè kú sórí tábìlì yìí, ẹ gbọ́ o. Tí ẹ bá fara mọ́ ọn, ẹ gbé e wá láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ má sì jẹ́ kó gbààwẹ̀. Kúì kì í ṣe ajá. Kúì tí kò bá jẹun fún odindi ọjọ́ kan, ikú ló ń pè."

Ní ọjọ́ kejì, ìràwọ̀ òwúrọ̀ kò tíì pòórá tí mo fi dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Ṣé ó ti jẹun?"

"Ó jẹun yó. Ó fi etí fìlà mi ṣe ìpanu."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀ ń gbọ̀n."

"Mo gbààwẹ̀."

"Mo ní kò gbọdọ̀ sí ààwẹ̀."

"Òun lo sọ fún. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gba ààwẹ̀ kí wọ́n tó là á. Ẹnì kan ní láti gbà á."

"Bàbá, mo dá wà lónìí. Ṣé ẹ lè bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ò ní dẹ́rù bà yín?"

"Èmi? Àgùntàn tí mo ti pa láyé yìí, bí wọ́n bá tò ó, á ti ibí dé Cusco. Gbé tọ́ọ̀ṣì wá."

Ó fún Gómìnà ní oògùn oorun. Ó fá irun ikùn rẹ̀. Ikùn náà pupa, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́ lọ. Dókítà mú abẹ. Ohun tó kàn tí mo rí ni òrùlé.

"Bàbá. Bàbá Eleuterio. Ẹ lajú."

"Mò ń wo abẹ́ tábìlì ni, bóyá ó mọ́."

"Fún ogójì ìṣẹ́jú?"

"Ó gbòòrò. Gómìnà ńkọ́? Ṣé ó ti jí?"

"Ó jí ṣáájú yín."

Lóòótọ́ ni. Ó wà nínú àpótí kan tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí, wọ́n ti rán ikùn rẹ̀ bí àpò ànàmọ́, ó sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo dójú tì í. Dókítà nawọ́ nǹkan kékeré kan sí mi, funfun, kò ju ẹ̀wà kan lọ.

"Òkúta náà nìyí. Ṣé ẹ dá a mọ̀?"

Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún.

"Mo rò pé yóò tóbi ju báyìí lọ. Bó ṣe wúwo tó nígbà tó wà lọ́dọ̀ mi."

Mo fi òkúta náà sí àpò ẹ̀wù mi níbi àyà.

"Ẹ tẹ́tí, Bàbá. Kò ní fẹ́ jẹun fúnra ẹ̀. Ẹ máa lọ koríko kúnná, kí ẹ máa fi síríńjì yìí tì í sí i lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀, láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá."

Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà, mo gbé e padà wá kí Dókítà lè yọ okùn tó fi rán an.

"Ṣé ó ń jẹun?"

"À ń jẹun."

"Ẹ̀yin àti ta ni?"

"Kò ní la ẹnu àfi tí mo bá kọ́kọ́ jẹ lójú ẹ̀. Ó ń wò mí. Tí mo bá fi sẹ́nu, tí mo gbé e mì, òun náà á la ẹnu. Mo jẹ ọ̀kan, ó jẹ ọ̀kan."

"Ẹ jẹ koríko?"

"Ọjọ́ kìíní nìkan. Ní ọjọ́ kejì mo rántí pé ànàmọ́ wà nílé."

"Àwọn aládùúgbò ò bú yín?"

"Hilarión ọ̀rẹ́ mi yọjú lójú fèrèsé. Ó rí mi tí mo so aṣọ mọ́ Gómìnà nídìí kó má baà tọ̀ sára ọgbẹ́. Ó ní, 'Eleuterio, ohun tí à ń pa fún àlejò lo wá sọ di àlejò.'"

"Kí lẹ dá a lóhùn?"

"Mo ní kó rọra, ó ń sùn."

Dókítà yọ okùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Gómìnà bu ìbọ̀wọ́ rẹ̀ jẹ. Dókítà ní àmì tó dára gan-an nìyẹn. Ó wá gbójú sókè, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Bàbá, ẹ ti sanra."

"Oògùn rẹ ni. Ó gba ara ẹ̀ kọjá sí ara mi."

"Ànàmọ́ ni, Bàbá."

Oṣù márùn-ún kọjá. Àkókò tí à ń wa ànàmọ́ ni mo tún dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Gómìnà kò sí nínú fìlà. Ó wà nínú aṣọ tí Basilia ìyàwó mi fi pọn àwọn ọmọ wa, mo sì pọ̀n ọ́n sẹ́yìn wá láti orí òkè. Dókítà rí aṣọ náà. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìgbà wo ni?"

"Láàárọ̀ yìí. Mo lọ koríko, mo pè é, kò dáhùn. O mọ̀ pé kì í ṣe irú ẹni tí wọ́n ń pè sídìí oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Kì í ṣe ẹjọ́ yín. Kúì kì í pẹ́ láyé."

"Là á."

"Ẹ ní?"

"Là á, kí o wo inú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Kúì tí wọ́n bá fi nu ara èèyàn, bó bá kú, wọ́n gbọ́dọ̀ wo ibi tí ẹrù náà wà. Mamá Eduviges ti kú, ìwọ nìkan ló kù tó mọ ọ̀nà inú ẹ̀."

"Ẹrù wo, Bàbá? A ti yọ òkúta yín. Ó wà nínú àpò yín."

"Kì í ṣe òkúta."

Mo tẹjú mọ́ bàtà mi. Kò ní okùn. Gómìnà ti jẹ ẹ́ tán.

"Mi ò ní òkúta rí, Dókítà. Ìtọ̀ mi ń sáré bí odò."

"Ọdún mẹ́rìnlá ńkọ́?"

"Mo bù mọ́ ọn ni."

"Kí ló wá dé tí wọ́n fi kúì nù yín?"

"Nígbà tí Basilia kú, a pa gbogbo kúì ẹ̀ fún àwọn tó wá bá wa dárò. Ọ̀kan ló sá wọ ẹ̀yìn ààrò tí ọwọ́ ò tẹ̀. Àlejò lọ tán, mo dùbúlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, mi ò jẹun. Kò ṣe mí bíi pé kí n jẹ mọ́ láyé. Àwọn ọmọ mi ló mú kúì yẹn jáde, tí wọ́n ránṣẹ́ pe Mamá Eduviges. Nígbà tó nù mí tán, mo dìde jókòó, mo ní, ta ló ń jẹ fìlà mi? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹun. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lára ẹ̀, mo ní, hẹn, ìbànújẹ́ mi ló ti gan di òkúta nínú ẹ̀. Ojú ló tì mí láti sọ ọ́. Àgbàlagbà ò lè to ìlà lẹ́yìn màlúù, kó wá sọ pé ìbànújẹ́ ló gbé òun wá."

Dókítà ń fi ọwọ́ pa aṣọ náà bí ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ.

"Ẹ fẹ́ kí n wò ó lóòótọ́?"

"Bó bá ṣì wà nínú ẹ̀, kí n sin ín jìnnà sílé. Bí kò bá sí, kí n mọ ìgbà tí yóò kanlẹ̀kùn."

Kò fún mi ní tọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí n jókòó, kí n kọjú sí ògiri. Àwòrán màlúù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ìlà pín ẹran ara rẹ̀. Mo kà á tán lẹ́ẹ̀mẹta.

"Kí lo rí?"

"Ẹ ní sùúrù."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ọkàn ẹ̀ tóbi. Ó tóbi ju ti kúì ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ. Òun ló pa á."

"Ohun tèmi ńkọ́?"

Mo gbọ́ tó gbé abẹ sílẹ̀. Gbogbo ọdún méje tó fi kàwé ní Cusco, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ lẹ́yìn mi lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kò sí níbí, Bàbá."

"A jẹ́ pé ó ti ń lọ sílé."

"Kò lọ síbì kankan. Ó ti jẹ ẹ́."

"Jẹ kí ni?"

"Ó jẹ fìlà yín. Ó jẹ okùn bàtà yín. Ó jẹ ewé kókà Mamá Eduviges, ó jẹ ìbọ̀wọ́ mi. Ẹ wá kó ìbànújẹ́ sí i níkùn fún ọdún kan àbọ̀. Kí lẹ rò pé ó máa fi ṣe?"

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá."

Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo dúró kí inú mi dùn. Màlúù orí ògiri náà ń wò mí.

"Kò tilẹ̀ ṣẹ́ díẹ̀ kù?"

"Kí lẹ fẹ́ fi díẹ̀ ṣe?"

"Ti Basilia ni. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta la fi jọ gbé. Kò bójú mu kí kúì jẹ gbogbo ẹ̀ tán."

Mo gbọ́ tó tún padà sídìí tábìlì. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá, mi ò wò ó dáadáa tẹ́lẹ̀. Ó ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ó tó ẹ̀wà kan."

"Níbo ni kí n fi sí?"

"Ibi tí òkúta wà."

"Àpò àyà ni."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi síbẹ̀."

Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó wá síwájú mi, ó ti ìka méjì bọ inú àpò náà. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, mo rí i. Ó dé bọ́tìnì rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ló lọ rán Gómìnà, ó sì rán an dáadáa, bí ẹni tí yóò tún jí lọ sílé.

"Bàbá, ẹ ti jẹun lónìí?"

"Ebi ò pa mí."

"Kúì tí kò bá jẹun fún odindi ọjọ́ kan ńkọ́?"

"Ikú ló ń pè."

"Ẹ fa àga sún mọ́bí."

Ó gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ kalẹ̀, ìkòkò kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ wé kó má baà tutù. Ó ṣí i. Òórùn ata àti ẹ̀pà lílọ̀ gba gbogbo yàrá. Mo yọjú wo inú ìkòkò. Itan kékeré kan yọjú sí mi láàárín ànàmọ́.

"Dókítà, ẹran wo nìyí?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ọjọ́ ìbí ìyá mi ni lónìí, òun ló sè é. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀ ń bọ̀."

"Kúì ni?"

"Kúì ni."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Kò lórúkọ."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Mo wo aṣọ Basilia tí a dì jẹ́jẹ́ sórí tábìlì. Mo wo ìkòkò.

"Tètè bù ú wá, kí ẹnì kan tó sọ ọ́ lórúkọ."

Àwo méjì ni mo jẹ. Gómìnà wà lábẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ààrò Basilia báyìí, níbi tó sá sí lọ́jọ́ náà, mo sì ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò nínú ẹ̀, àfi ohun kékeré kan ṣoṣo. Eyín tí mo fi búra ní ìbẹ̀rẹ̀ kò pé mẹ́ta. Méjì ni. Ṣùgbọ́n ìkòkò kì í dúró lórí ààrò méjì, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Gómìnà dà nù.